Láti Nairobi dé Cape Town: bí a ṣe ń fi lọ́rì àti àgọ́ rìn ín

Tí mo bá sọ fún èèyàn pé mo ti sùn nínú àgọ́ ní Serengeti, ọgbà ẹranko ńlá ní Tànsáníà, kìnnìún ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Kò sẹ́ni tó ń béèrè òtútù. Bẹ́ẹ̀ òtútù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà sílé, òun àti físà kan tí mo gbà lọ́nà òdì. Kìnnìún ò tilẹ̀ wo apá ibi tí mo wà. Nítorí náà, ìwé àti ibùsùn ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù níbí.

Ìrìn tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n ń pè ní overland. Lọ́rì ńlá kan ni, tí wọ́n ti tún inú rẹ̀ ṣe: ó ní àga fún nǹkan bí èèyàn 20, àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ fún ẹrù, àgọ́, ìkòkò, gáàsì àti táńkì omi. Awakọ̀ kan àti aṣáájú kan ló ń bá yín lọ, nígbà míì alásè kan. Ìyókù iṣẹ́ di tiyín. Ẹ̀yin lẹ máa pàgọ́, ẹ̀yin lẹ máa gé àlùbọ́sà, ẹ̀yin lẹ máa fọ abọ́. Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò máa sìn ín, kó wá owó òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ kọ́kọ́ yan ìdajì tí ẹ fẹ́

Odindi ọ̀nà náà gba orílẹ̀-èdè 8 kọjá: Kẹ́ńyà, Tànsáníà, Màláwì, Sáḿbíà, Sìmbábúè, Bòtswánà, Nàmíbíà àti Gúúsù Áfíríkà. Bí ẹ ò bá fẹ́ sáré, ẹ ya nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8 sọ́tọ̀. Àwọn tó ń kó èrò sábà máa ń gé e sí méjì níbi Victoria Falls, ibi tí odò Zambezi ti ń já bọ́ láti orí àpáta láàárín Sáḿbíà àti Sìmbábúè, ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 fún ìdajì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò tíì sùn nínú àgọ́ rí, ìdajì ìsàlẹ̀ ni kó mú, láti Falls dé Cape Town. Ilẹ̀ Nàmíbíà gbẹ, ibi ìpàgọ́ wọn mọ́, ilé ìwẹ̀ wọn sì sábà máa ń ní omi gbígbóná. Ìdajì òkè ló dùn mọ́ mi jù, nítorí pé inú ọjà àti àárín èèyàn lọ̀nà gbà kọjá, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ ó fi wákàtí 10 jókòó sínú ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹwàá ni ẹ̀ẹ̀rùn. Koríko á ti gbẹ, ẹranko á kó ara wọn jọ síbi omi tó bá ṣẹ́ kù, ojú á sì rí wọn. Ìlà-oòrùn ní òjò ńlá tirẹ̀ láti Oṣù Kẹta dé Oṣù Karùn-ún. Ti gúúsù máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí Oṣù Kọkànlá. Odò Zambezi máa ń kún jù ní nǹkan bí Oṣù Kẹrin. Tó bá fi máa di Oṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá, apá Sáḿbíà lára Victoria Falls lè gbẹ débi pé àpáta lẹ máa sanwó wò. Apá Sìmbábúè lomi máa ń kù sí. Ẹni tó bá kúrò ní Nairobi ní ìparí Oṣù Kẹfà yóò bá omi tó pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù Nàmíbíà ń dúró dè é. Kò sí oṣù tó pé.

Físà: ìparí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

ECOWAS ti bà wá jẹ́. Ẹni tó máa ń wọkọ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, tó ń sọ̀ ní Lomé láìgba físà, tó sì lè lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó bi í, á rò pé gbogbo Áfíríkà rí bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lápá ìsàlẹ̀, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ń fẹ́ físà ní ọ̀pọ̀ ibi, wọn kì í sì í fún wa lẹ́nubodè bí wọ́n ṣe ń fún òyìnbó tó jókòó tì wá nínú ọkọ̀. Ti Tànsáníà, fún àpẹẹrẹ, ìwé ìbéèrè yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí orílé-iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kò ṣeé fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe.

Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà mẹ́rin. Ìlà kìíní, orúkọ orílẹ̀-èdè. Ìkejì, ọjọ́ tí ẹ ó wọlé. Ìkẹta, ọjọ́ tí ẹ ó jáde. Ìkẹrin, iye ìgbà tí ẹ ó wọlé. Ìlà kẹrin yìí ni mo fò, òun ló sì kó bá mi. Mo ní físà tó jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, mo bá àwọn yòókù kọjá odò lọ wo nǹkan lódìkejì, mo sì ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá tó wà lẹ́nubodè wo ìwé, ó wo mí, ó ní físà mi ti tán láàárọ̀. Wákàtí 3 ni mo lò lórí bẹ́ǹṣì igi, tí gbogbo èrò lọ́rì ń dúró dè mí, tí ebi ń pa wọ́n. Ojú tì mí ju ìgbà tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò lọ. Níbi tí Sáḿbíà, Sìmbábúè àti Bòtswánà ti pàdé, ó rọrùn láti wọ orílẹ̀-èdè kan lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 3. Ẹ gba ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì.

Físà kan wà tí wọ́n ń pè ní KAZA, tó kó Sáḿbíà àti Sìmbábúè pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń gbà fún un, nítorí náà ẹ wo orúkọ orílẹ̀-èdè yín nínú àkójọ wọn kí ẹ tó gbọ́kàn lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n tí ẹ ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yín rọrùn ju tiwa lọ, àmọ́ kí ẹ ṣì fa ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ni pé Gúúsù Áfíríkà àti Nàmíbíà ń béèrè ìwé rẹpẹtẹ: ìwé báńkì, ìwé ibi iṣẹ́, ẹ̀rí pé ẹ ó padà sílé. Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín, ẹ ṣì lè yí ìrìn náà padà kí owó tó jáde lápò. Ẹ ka ojú ewé tó ṣófo nínú ìwé ìrìnnà yín pẹ̀lú. Orílẹ̀-èdè 8, òǹtẹ̀ ìwọlé àti ti ìjáde, 16 nìyẹn kí wọ́n tó lẹ físà kankan mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ tún ìwé Nàìjíríà ṣe, olójú ewé 64 ni kí ẹ gbà.

Abẹ́rẹ́ àti oògùn

Yẹ́lò káàdì tí ẹ fi owó rà láìgba abẹ́rẹ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín. Ní Oṣù Kẹta 2012, Gúúsù Áfíríkà dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti pápákọ̀ Johannesburg lórí káàdì yìí. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára yín kí ẹ tó wọlé, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sì máa gbà á láyé yín. Ẹnubodè tó ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n ti béèrè tèmi, kí wọ́n tó béèrè ìwé ìrìnnà.

Ti ibà ẹ̀fọn, àwa ọmọ Nàìjíríà ló ń ṣe ìyájú jù. “Ibà lásán, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.” Bí ẹ bá ti pẹ́ nílùú òyìnbó, ara yín kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ bi dókítà léèrè oògùn tí a ń lò ṣáájú. Doxycycline kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí oòrùn jó awọ ara, ẹ ó sì máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbi tí ibà wà. Malarone wọ́n jù ú lọ. Ọjọ́ 7 péré ló ń gbà lẹ́yìn ìrìn.

Owó

Dọ́là ni kí ẹ mú, kó jẹ́ tuntun. Dọ́là àtijọ́ tàbí èyí tó ya létí, wọ́n á dá a padà fún yín ní Tànsáníà bí ẹni tó kó ẹ̀gbin wá. Ẹ mú owó kéékèèké dání fún Sìmbábúè, nítorí dọ́là ni wọ́n ń ná lójoojúmọ́ níbẹ̀, ṣéńjì sì ń ṣọ̀wọ́n. Dọ́là Nàmíbíà àti ráńdì Gúúsù Áfíríkà dọ́gba, wọ́n sì ń gba ráńdì ní Nàmíbíà. Odìkejì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ná dọ́là Nàmíbíà yín tán kí ẹ tó kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ dé Zanzibar, láti Oṣù Kẹwàá 2024 ni wọ́n ti ń gba dọ́là 44 fún ìdójútòfò lọ́wọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan.

Ẹrù

Báàgì rírọ̀, tí kò wúwo ju nǹkan bí kìlógíráàmù 15 lọ. Àpótí líle onítáyà kò ní wọ inú àpótí lọ́rì. Láìlọ́rá sì ni o: Kẹ́ńyà ti fòfin de lọ́rá ìrajà láti Oṣù Kẹjọ 2017, Tànsáníà láti Oṣù Kẹfà 2019. Ẹ̀yin tó máa ń fi lọ́rá di bàtà, lọ́rá di ọṣẹ, lọ́rá di lọ́rá, àpò aṣọ ni kí ẹ rán.

Ẹ fi àdìrẹ aláró sílẹ̀ nílé. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Àwọ̀ búlúù àti dúdú ló ń fa eṣinṣin tsetse mọ́ra, débi pé aṣọ àwọ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ń dẹ pańpẹ́ fún un nínú igbó. Eṣinṣin náà ń ta gba inú ṣòkòtò kọjá. Ẹ wọ àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti koríko gbígbẹ. Aṣọ alábùlà bíi ti ológun ńkọ́? Má dán an wò. Òfin kò gbà á lára aráàlú ní Sìmbábúè àti Sáḿbíà.

Ẹ mú àpò oorun tó nípọn, fìlà onírun, ìbọ̀sẹ̀ méjì tó jẹ́ ti oorun nìkan, tọ́ọ̀ṣì tí a ń so mórí, àti àǹkárá ọ̀pá mẹ́rin. Àǹkárá yẹn ni tówẹ̀lì mi, òun ni ìrọ̀rí mi, òun ni mo ń ta sójú fèrèsé ọkọ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Ata gígún náà ńkọ́, ẹ mú un. Mo máa ṣàlàyé.

Bí a ṣe ń pàgọ́

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ojú ọ̀nà lẹ ó ti kọ́ ọ. Ẹ yá àgọ́ kan, ẹ pa á sẹ́yìnkùlé, kí ẹ sùn nínú rẹ̀ mọ́jú.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má pàgọ́ sábẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ, ẹ má pa á sójú ọ̀nà tí ẹranko ti tẹ̀ dán, pàápàá láàárín odò àti koríko, nítorí ọ̀nà erinmi nìyẹn, kì í sì í yà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó bóyá ìjàlọ ń tò kọjá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó tẹ́ ohunkóhun, ẹ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. Àwọn tó kù á fi yín rẹ́rìn-ín. Ara yín á sọ ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀ àti ibi tí òkúta wà, èyí tí ojú kò rí. Apá òkè ni kí orí wà.

Ẹ tẹ́ rọ́bà ìsàlẹ̀, kí ẹ ká etí rẹ̀ sábẹ́. Bí ó bá yọ jáde, òjò á gba orí rẹ̀ ṣàn wá sábẹ́ ẹ̀yìn yín. Ẹ na àgọ́ lé e, kí ẹnu ọ̀nà kọ̀yìn sí atẹ́gùn. Ẹnìkan á di ọ̀pá mú, ẹnìkejì á máa kan èèkàn. Bí èèkàn ewúrẹ́ náà ni: orí rẹ̀ á fì síta, ẹnu rẹ̀ á kọrí sábẹ́ àgọ́, kí okùn má bàa fà á tu. Nínú iyanrìn aginjù Namib ní Nàmíbíà, èèkàn kò dúró. Ibẹ̀ lẹ ó ti rọ iyanrìn sínú àpò, kí ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ sì ri í mọ́lẹ̀.

Síìpù wà ní pípadé ní gbogbo ìgbà, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú 2 lẹ fẹ́ lò níta. Àkekèé kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹ gbọn bàtà láàárọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Oúnjẹ kankan kò gbọdọ̀ wọ inú àgọ́, ọsàn ló burú jù. Erin fẹ́ràn ọsàn, imú rẹ̀ sì ń gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọ̀bọ ńlá tí wọ́n ń pè ní baboon ní tiwọn mọ bí a ṣe ń ṣí síìpù.

Òru

Simba ni ibi ìpàgọ́ tó wà létí kòtò Ngorongoro. Kòtò náà jìn tó mítà 600, ṣùgbọ́n etí rẹ̀, níbi tí ẹ ó sùn, ga tó nǹkan bí mítà 2,300 sójú òkun. Èmi tí mo ti ka Tànsáníà sí ilẹ̀ oòrùn, aṣọ péńpé ni mo wọ̀ sùn. Ní aago 2, eyín mi ń lu ara wọn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi: fàì, fàì, fàì, bí ẹni ń ya aṣọ. Ẹnìkan ń fa koríko tu níbi tí kò ju apá kan sí orí mi lọ, ó sì ń mí kíkankíkan. Ẹ̀fọn ni mo ti ń dú láti fi àwọ̀n lé, ẹfọ̀n ló wá. N kò mí títí ó fi jẹun kọjá. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Òtútù ló ṣe mí.

Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn náà rèé. Ẹ bọ́ aṣọ ọ̀sán kúrò lára, torí òógùn inú rẹ̀ ló ń di òtútù. Ẹ jẹ ohun tó gbóná kí ẹ tó wọlé. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò líle, ẹ dé e dáadáa, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ kì í sísàlẹ̀ àpò oorun ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Ẹ dé fìlà.

Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín lóru, ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí. Ẹ ṣí síìpù díẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yíká. Ojú ẹranko á dán padà sí yín. Bí ẹ bá rí ojú kankan, ẹ padà wọlé, kí ìtọ̀ máa gbọ̀n lọ. Àwọn ibi ìpàgọ́ inú Serengeti kò ní ọgbà, ìkookò sì máa ń rìn láàárín àgọ́ wá ìdọ̀tí oúnjẹ. Nínú àgọ́ tí a pa dé, wọn kì í sábà dá sí yín. Níta ni ọ̀rọ̀ ti ń yàtọ̀.

Ìdáná

Wọ́n á pín yín sí ẹgbẹ́: òní ẹ dáná, ọ̀la ẹ fọ abọ́, ọ̀tunla ẹ gbá inú ọkọ̀. Wọn kì í fi aṣọ nu abọ́ nítorí kòkòrò; gbogbo yín á dúró yíká, ẹ ó máa fì abọ́ nínú afẹ́fẹ́ títí yóò fi gbẹ, bí ẹni ń lé adìyẹ. Èèyàn 20 tó ń fì abọ́ létí aginjù, ẹ ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní, inú á bí yín lọ́jọ́ kẹwàá.

Òkèlè kan náà lẹ ó bá lọ dé ìsàlẹ̀, orúkọ ló ń yí padà: ugali ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà, nsima ní Màláwì, nshima ní Sáḿbíà, sadza ní Sìmbábúè. Ìyẹ̀fun àgbàdo funfun ni, ó fara jọ tùwó, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò ní ata tó tó. Ìdí nìyẹn tí ata gígún fi wà nínú báàgì. Àmọ́ ẹ fi pọ̀nmọ́ àti ẹran gbígbẹ sílẹ̀: nínú Bòtswánà, wọ́n na ọgbà gígùn nítorí àrùn màlúù, wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀, wọ́n ń gba ẹran tútù, wọ́n sì lè ní kí ẹ ti bàtà bọ oògùn. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń dáná, ẹ má ra ẹran ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ ṣáájú ọgbà yẹn.

Èdè Swahili á yà yín lẹ́nu. Bí ẹ bá kọsẹ̀, wọ́n á ní “pole”. Bí ẹ bá ń sáré, wọ́n á ní “pole pole”. Pẹ̀lẹ́, àti pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N kò mọ̀ bóyá èdè méjèèjì tan mọ́ra níbì kankan, ṣùgbọ́n mo dáhùn bí ọmọ ilé.

Ojú ọ̀nà

Gbogbo orílẹ̀-èdè 8 yìí, ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀, bí àwa náà ti ń ṣe kó tó di 2 Oṣù Kẹrin 1972. Apá ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọdá títì. Lọ́rì kì í wọ Serengeti. Ẹ ó bọ́ sínú jíìpù kékeré ní Arusha fún ọjọ́ díẹ̀, báàgì kékeré nìkan lẹ ó mú. Láti Dar es Salaam lọ sí Iringa, títì gba àárín ọgbà ẹranko Mikumi kọjá, ẹ jí ojú sílẹ̀: àgùnfọn máa ń dúró létí ọ̀nà bí ẹni ń retí mọ́tò.

Adágún Màláwì gùn tó nǹkan bí kìlómítà 580, omi rẹ̀ mọ́ gaara, gbogbo yín ni yóò sì fẹ́ bẹ́ sínú rẹ̀. Àtọ̀sí ajá wà níbẹ̀. Inú ìgbín kéékèèké tó wà lára koríko etí omi ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, nítorí náà ibi tí koríko pọ̀ sí ló burú jù. Èmi wẹ̀, mo lo praziquantel nígbà tí mo délé, ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, torí pé oògùn náà kì í pa ọmọdé kòkòrò.

Láti Sáḿbíà sí Bòtswánà, afárá Kazungula tí wọ́n ṣí ní 2021 lẹ ó gbà. Kó tó wà, ọkọ̀ ojú omi ni lọ́rì ń tò fún, nígbà míì fún ọjọ́ mélòó kan. Ní Okavango, ilẹ̀ olómi ńlá ní Bòtswánà, wọ́n á gbé yín sínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní mokoro, ẹnìkan á dúró lẹ́yìn, á máa fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ omi. Ẹni tó bá ti dé Makoko tàbí Ganvié ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Etosha, ọgbà ẹranko kan ní Nàmíbíà, ni ibi tí mo ti rí àgbáńréré. Ní Okaukuejo, wọ́n tan iná sójú adágún kékeré kan létí ibi ìpàgọ́. Ẹ gbé àga lọ síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ wọ gbogbo aṣọ òtútù yín, kí ẹ pa ẹnu mọ́. Ọgbà wà láàárín yín àti ẹranko. Mo jókòó títí aago 1 òru. Ní Sossusvlei, láàárín òkìtì iyanrìn Namib, ẹ jí ní aago 4 àárọ̀, torí pé tó bá di aago 10, iyanrìn á ti máa jó ẹsẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ má gbàgbé oògùn ibà tó ṣẹ́ kù. Bí ara bá gbóná láàárín oṣù mélòó kan, kì í ṣe kẹ́mísítì ìgbòrò lẹ ó sáré lọ. Ilé ìwòsàn ni, kí ẹ sì ka orúkọ gbogbo ibi tí ẹ sùn sí fún dókítà, pẹ̀lú adágún tí ẹ wẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwé tí ẹ fa ìlà sí nígbà físà ni kí ẹ mú lọ. Ọjọ́ gbogbo ti wà níbẹ̀.